Àgùàlà Tí Mo Yà fún Ìyálé Mi

Òórùn káńfọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yìí, òun àti òórùn iyọ̀ tí atẹ́gùn òkun ń gbé wọ àgbàlá wa ní Ablogamé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ta aṣọ rí, ẹ mọ káńfọ̀ dáadáa: wóró funfun róbótó tí a ń tì sáàárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Àǹkárá ni èmi àti ìyálé mi tà dàgbà ní ọjà ńlá Lomé, a tà á títí òórùn káńfọ̀ fi wọ̀ wá lára bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ wa. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkọ wa ti kó wa wá, òun ṣáájú, èmi tẹ̀lé e. Nígbà tí Ọlọ́run pe ọkọ wa, àwa méjèèjì ló ṣẹ́kù, yàrá sí yàrá, ògiri kan ló là wá láàárín. Títí di òní, Ìyàwó ló ń pè mí, àfi bí ẹni pé àná ni wọ́n sin mí wọlé, èmi tí mo ti ní ọmọ-ọmọ tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀.

Nínú ọyẹ́ ọdún tó kọjá ni ìyálé mi yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, tí egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n tò ó ní ọsibítù, ó sì jinná. Dókítà ní kí a máa gbé e jáde sí àgbàlá, kí ó máa gba afẹ́fẹ́, kí ó máa gbìyànjú àtidìde, pé bí ó bá ń sùn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ náà ò ní í gbé e mọ́ láé. Ìyálé mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Òkú ni wọ́n ń gbé gba ẹnu ọ̀nà yìí. Ọkọ wa ni wọ́n gbé gba ibẹ̀ kẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni ò ní í gbé èmi bí àpò sìmẹ́ǹtì kí àwọn ará àdúgbò wá máa wòran." Ó kọjú sí ògiri. Oúnjẹ tí a bá gbé wọlé fún un, bẹ́ẹ̀ náà la máa ń gbé e jáde. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Bí mo bá jókòó, màá dìde. Bí mo bá dìde, màá lọ yọjú wò ó bóyá aṣọ tó fi bora ṣì ń mì.

Ohun tó wá já mi láyà jù ni ti òṣùpá. Ìyálé mi ni gbogbo àdúgbò máa ń bi léèrè ọjọ́ tí òṣùpá ti lò. Kò kàwé, èmi náà ò kàwé, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, òun ló máa ń kọ́kọ́ rí òṣùpá Ààwẹ̀ nínú gbogbo wa, yóò ti nàka sí i kí àwa tó mọ ibi tí a máa kọjú sí. Lọ́jọ́ kan, níbi tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ bá a sọ, mo ní, "Ìyá wa, òṣùpá ti lo ọjọ́ mélòó báyìí?" Ó ní, "Mi ò mọ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" Mo jáde, mo lọ dúró létí kànga, mo mú okùn dání, mi ò rántí pé omi ni mo fẹ́ fà.

Ayálégbé kan wà nínú àgbàlá wa nígbà yẹn, ọmọ Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tó ń ṣe olùkọ́ ní líísè, ilé-ìwé girama wọn níbí. Pròfù ni gbogbo wa ń pè é. Ó ra awò ìràwọ̀ kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọjà tòkunbọ̀ nítòsí pọ́ọ̀tù: nǹkan gbọọrọ bí páìpù omi ńlá, ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, dígí kan wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, ihò kékeré tí èèyàn ń yọjú sí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lókè. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mò ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú àgbàlá bí adìyẹ tó fẹ́ yé, ó ní, "Màmá, ẹ sinmi díẹ̀. Ẹ wá wo Àgùàlà."

Mo fojú sí ihò náà. Òṣùpá ni mo rí. Òṣùpá tuntun, tín-ín-rín, kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ, ó ń gbọ̀n bí ohun tó wà nínú omi. Mo gbé ojú kúrò, mo wo òkè: Àgùàlà ló wà níbẹ̀, róbótó, ó ń tàn lórí igi àgbọn aládùúgbò wa. Mo tún fojú sí i: òṣùpá.

"Pròfù, o fẹ́ fi mí ṣeré ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Àgùàlà kì í ṣe iná, ayé kan bíi tiwa ni, oòrùn ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i, ẹ̀gbẹ́ kan péré nínú ibi tó mọ́lẹ̀ ló sì kọjú sí wa. Ó ní yóò máa tín-ín-rín sí i, yóò sì máa lọ sílẹ̀ sí i lójoojúmọ́, títí yóò fi wọ abẹ́ oòrùn tí a ò ní í rí i mọ́ fún ìgbà díẹ̀, kí ó tó tún yọ ní ìdájí. Mi ò dúró gbọ́ tán. Mo sáré wọ yàrá ìyálé mi, bàtà ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀ mi kan.

"Ìyá wa, Àgùàlà ní ìwo! Ó rí bí òṣùpá gẹ́lẹ́!"

Ó yí ọrùn. Ẹ gbọ́ mi o, obìnrin tí kì í yí ọrùn sí ọmọ tó bí. Ó ní, "Ìwọ yìí. Láti kékeré ni mo ti mọ Àgùàlà. Ajá òṣùpá ni wọ́n ń pè é nílé wa. Ajá wo lo rí tó ní ìwo?"

"Ẹ jẹ́ ká gbé yín jáde kí ẹ fojú ara yín rí i."

"Mi ò jáde. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, gbé e wá síbí kí n wò ó." Ó sì padà kọjú sí ògiri.

Bí mo ṣe di onífọ́tò nìyẹn. Pròfù ń lọ kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò ní ìrọ̀lẹ́, kì í sábà sí nílé nígbà tí Àgùàlà bá yọ, nítorí náà ó ní òun ó kọ́ mi, kí n máa yà á fúnra mi. Fóònù mi, tí mi ò fi ṣe ju kí n gba ìpè lọ, ni ó fi ohun ìdìmú kan so mọ́ ihò awò náà. Ẹ ò mọ ìyà tó wà níbẹ̀. Bí mo bá ti rí Àgùàlà, bẹ́ẹ̀ ló ń sá lọ. Ayé ló ń yí, Pròfù ní, èmi ni mo gbọ́dọ̀ máa fi awò tẹ̀ lé e, díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá fọwọ́ kan fóònù, gbogbo rẹ̀ á mì. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú jù, Àgùàlà á tàn yòò, ìwo rẹ̀ á pòórá sínú ìmọ́lẹ̀, ohun tí màá rí nínú fọ́tò kò ju ẹyọ àgbàdo funfun kan lọ. Ìgbà tí ojú ọ̀run bá ṣì ń pọ́n ni mo gbọ́dọ̀ yà á, ìgbà yẹn gan-an sì ni wọ́n ń pe ìrun Mọ̀gáríbì. Màá kí ìrun, màá tún sáré jáde. Ọjọ́ mìíràn, ọyẹ́ á bo gbogbo ojú ọ̀run bí ẹni da eérú sí i. Ọjọ́ mìíràn, kùrukùru òkun. Àgùàlà ò sì dúró dè mí: lánàá ó wà lórí igi àgbọn, lónìí ó ti kan imọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìyálé mi ń gbẹ nínú yàrá. Ó wá dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì ń bá ara wọn sáré lọ sísàlẹ̀, èmi ni mo wà láàárín tí mò ń di aṣọ wọn mú.

Àṣìṣe mi wá fẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Yàrá Pròfù ń jò, nítorí náà lọ́dọ̀ mi ni awò náà ń sùn. Mo rí aláǹtakùn kan tó ń rìn kiri lẹ́nu rẹ̀, mo sì ṣe fún un bí mo ṣe ń ṣe fún gbogbo ohun tó níyelórí: mo da káńfọ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan sínú rẹ̀, mo dé e pa, mo fi àǹkárá méjì wé e. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Àgùàlà ṣókùnkùn bí àtùpà tí wọ́n gbé sẹ́yìn àwọ̀n ẹ̀fọn. Mo ní ọyẹ́ ni. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ojú ọ̀run mọ́ kedere, síbẹ̀ bákan náà ni. Pròfù dé, ó ṣí i, ó fà á símú.

"Màmá, kí ló dé tí nǹkan yìí ń rùn bí àpótí ìyàwó?"

"Káńfọ̀ ni. Kí kòkòrò má jẹ ẹ́."

Ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Dígí ìsàlẹ̀ ti funfun láúláú, bí ìgò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú firísà jáde. Ó ká ọwọ́ lérí. Mo ti ń tú gèlè mi láti fi nù ún, ó pariwo, "Dúsúmáà, Màmá, ẹ rọra! Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ ó ha dígí náà!" Ó ní káńfọ̀ ló fò lọ lẹ̀ mọ́ dígí, pé kí a ṣí i sílẹ̀ sí afẹ́fẹ́ ní ibòòji, yóò tún fò lọ fúnra rẹ̀. Fúnra rẹ̀ kẹ̀? Ìgbà wo? Mo gbé àpótí, mo mú abẹ̀bẹ̀, mo jókòó tì í, mò ń fẹ́ ẹ.

Ohùn kan ti inú yàrá jáde: "Ìyàwó, ta lò ń fẹ́?"

"Àgùàlà ni."

Mo gbọ́ nǹkan kan bí ikọ́. Kì í ṣe ikọ́. Ìyálé mi ló ń rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti ṣubú. Mi ò dáwọ́ dúró, mò ń fẹ́ ẹ, omi ń dà lójú mi.

Káńfọ̀ fò lọ lóòótọ́. Nígbà náà, Àgùàlà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sẹ́yìn òrùlé. Pròfù ní kí n má ya fọ́tò ẹyọ kan mọ́, kí n ya fídíò, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ó ṣa àwòrán tó mọ́ jù nínú rẹ̀, yóò tò wọ́n lé ara wọn bí ẹni tò aṣọ, etí sí etí, títí àwòrán kan yóò fi jáde. Ìyẹn yé mi ju gbogbo ohun tó ti sọ lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí atẹ́gùn dákẹ́, mo sé èémí, mo tẹ̀ ẹ́, mo jẹ́ kí Àgùàlà rìn kọjá láti etí kan dé èkejì. Mo pariwo débi pé aládùúgbò yọjú lórí ògiri. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni Pròfù tò ó tán: ìwo méjì, tín-ín-rín, funfun, ó mọ́ bí ohun tí wọ́n fi abẹ gé.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo gbé e lọ fún ìyálé mi. Ó gba fóònù, ó gbé e jìnnà sójú, ó gbé e sún mọ́ ọn.

"Òṣùpá nìyí."

"Àgùàlà ni, Ìyá wa."

"Òṣùpá ni mo sọ. Ìwọ àti Pròfù rẹ, ẹ lọ tan ọmọdé." Ó ju fóònù sórí itan mi. Ògiri ló tún kọjú sí.

Gbogbo ọjọ́ yẹn, mi ò lè jẹun. Iṣẹ́ tí mo ti fi gbogbo ara ṣe, ọ̀rọ̀ méjì ló fi pa á. Ní ìrọ̀lẹ́, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mi ò tilẹ̀ gbé awò jáde. Ariwo àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ojú títì. Ìyálé mi ní, "Kí ni wọ́n ń wá?"

"Òṣùpá Ààwẹ̀ ni."

"Lónìí?" Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń fi àtàǹpàkò ka oríkèé ìka rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Ó kà á, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó fi ìgúnpá ti ara rẹ̀ dìde jókòó, òun nìkan. "Ìyàwó. Àná kọ́ ni mo gbọ́ tí o pariwo lágbàlá?"

"Àná ni."

"Bí wọ́n bá ń wá òṣùpá lónìí, a jẹ́ pé kò sí òṣùpá lójú ọ̀run ní ìrọ̀lẹ́ àná. Kí lo wá yà?"

Ó sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Pe ọmọ rẹ. Pe Pròfù. Ẹ gbé mi jáde kí n tó fi iyè méjì kú síbí. Wéré, kí ó tó wọ̀!"

Lórí àga ni ọmọ mi ọkùnrin àti Pròfù gbé e, ó fi ìborùn bojú títí wọ́n fi kọjá ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó ṣí i, kò wo ará àdúgbò kankan. Ó wo ìwọ̀-oòrùn, ó nàka kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rí nǹkan: òṣùpá nìyẹn, bí okùn òwú, Àgùàlà lókè rẹ̀. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ṣe àdúrà. Lẹ́yìn náà a gbé e dé ìdí awò, mo kọjú awò sí Àgùàlà fún un, mo dì í ní èjìká. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mi ò lè dúró sójú kan, mò ń wò ó lẹ́nu.

"Ìyàwó," ó ní, kò gbé ojú kúrò, "kì í ṣe ajá rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ni. Wò ó, wọ́n jọra." Bí mo sì ṣe ní kí a gbé e wọlé, ó bá mi wí pé ṣé wọ́n lé òun ni.

Láti ọjọ́ náà, ìta ló ti ń ṣínu. Ó ń tẹ̀ lé Àgùàlà títí ó fi bọ́ sábẹ́ oòrùn, ó sì ń dúró dè é kí ó yọ ní ìdájí gẹ́gẹ́ bí Pròfù ti wí. Ìdúró yẹn ló kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìrìn padà, pẹ̀lú ọ̀pá. Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀. Èmi rò pé ọ̀run ni mo máa gbé wọ yàrá fún un, kó lè sùn síbẹ̀ kó máa wò ó. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò gbà mí gbọ́. Ká ní ó gbà, á ti dá fóònù padà fún mi, á ti ṣe "o ṣeun", á sì ti padà kọjú sí ògiri. Fọ́tò mi ò yanjú nǹkan kan. Ó kàn gbé ìbéèrè kan sí i láyà tí ẹlòmíràn ò lè bá a lọ wò. Báyìí, èmi tí mi ò lè jókòó, mo ti rí ẹni tó jù mí lọ. Bí mo bá ń gbádùn oorun ìdájí mi lọ́wọ́, màá gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ lára ògiri tó là wá láàárín, kó, kó, kó: "Ìyàwó, o ṣì ń sùn? Ó ti yọ o, gbé awò jáde."