Ọ̀sà Kọ́ Ni Mo Wá Wò

Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí mo fi ta obì gbànja nínú ọjà Sabon Gari ní Zaria, n kò sì fojú kan igi obì rí. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ ọmọ mi, má dín in kù. Mo mọ obì tó gbó. Mo mọ èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kí n tó là á. Èékánná kan ṣoṣo ni mo fi ń mọ èyí tó máa pẹ́ nínú ewé àti èyí tó máa rà kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé báwo ni igi rẹ̀ ṣe rí, n kò ní ohun tí mo máa sọ.

Ọkọ mi ló ń lọ kó o wá. Ọmọ Ìlọrin ni wá, àwa méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Zaria ni wọ́n bí wa sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún, á wọ ọkọ̀ lọ sí igbó Ìjẹ̀bú, á ra obì, á sì kọjá lọ sí etí òkun lọ ra ẹja gbígbẹ kó tó padà. Tó bá ti dé, á jókòó lórí ẹní, á máa ròyìn òkun fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀: pé èèyàn kì í rí òdìkejì rẹ̀, pé iyọ̀ ni gbogbo omi rẹ̀, pé ariwo ló ń pa tọ̀sán-tòru bí ẹni tí inú ń bí. Èmi á wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, n óo máa bu oúnjẹ wọn. Lọ́jọ́ kan mo yọjú, mo ní kó mú mi dání nígbà tó bá tún ń lọ. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Kí lobìnrin fẹ́ lọ wò nínú omi?" Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Mo gbé àwo tó ṣófo, mo padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ó ti kú báyìí, kí Ọlọ́run forí jìn ín. Ó tọ́jú mi, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ̀rín yẹn kò kúrò lára mi.

Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dà mí láàmú, àwọn ọmọ mi ní kí n fi ọjà sílẹ̀ kí n máa sinmi. Mo ní ó dáa, àmọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìsinmi yẹn, kí wọ́n gbé mi lọ wo òkun. Àkọ́bí mi, bàbá ìwọ tí ò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ní Samaru, ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Màmá, ọ̀nà ò dára."

Mo ní, "Ìgbà wo ló dára rí? Òun náà ni bàbá yín tọ̀ títí tó fi darúgbó."

"Orúnkún yín ńkọ́?"

"Ṣé orúnkún mi ló máa wa mọ́tò ni?"

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, èyí tó ń gbé ní Kàdúná, gbé fóònù jáde. Ó ní kí n má ṣèyọnu, òkun wà nínú rẹ̀. Mo wò ó. Òkun tí kò tó páálí ìṣáná! Mo dá fóònù rẹ̀ padà fún un. Mo ní bàbá yín kò lọ ra ẹja nínú fóònù.

Àárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀ léra ni mo di ẹrù mi, tí mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìbòrí mi lórí. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá rẹ gbà. Ó ní a óo lọ ní Ọjọ́bọ̀, àmọ́ ọjọ́ Ajé, òun gbọ́dọ̀ ti wà níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun. "A dé ibẹ̀, ẹ wò ó, a padà." Mo ní kí n ṣáà rí i. Mo mọ̀ pé bí n kò bá rí i lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó tún máa gbé mi lọ.

Àwa mẹ́ta la lọ: òun, èmi àtìwọ. A kírun àárọ̀, a gbéra. Lọ́kọ́ja la sùn, mo rí ibi tí odò méjì ti pàdé. Bàbá rẹ ní, "Màmá, ẹ ò rí omi bí? Ó tóbi." Mo ní mo rí i, odò ni.

Lọ́jọ́ kejì la dé Kàbà. Obìnrin kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá síbi fèrèsé ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wò mí, ó ní, "Òkun o!"

Mo di àga mú. "Kai! Ó ti yá tó báyìí? Apá ibo ló wà?"

"Kí ni ẹ ń wá, Ìyá?"

"Òkun tí o pè yẹn!"

Obìnrin náà wò mí, ó wo bàbá rẹ, ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kó lè ráyè rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òkun la fi ń kí èèyàn níbí, ẹ̀yin Gàmbàrí yìí!"

"Gàmbàrí kọ́ ni mí. Ọmọ Ìlọrin ni mí."

"Mo ṣáà gbọ́ 'kai' lẹ́nu yín."

"Ẹnu tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Tún mi kí, kí n lè dá ọ lóhùn dáadáa."

Ó ní, "Òkun o, Ìyá." Mo ní, "Òkun o, ọmọ mi." Mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi mẹ́ta lé e fún mi. Ìwọ ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí a dé Ọ̀wọ̀.

Láti Òrè lọ ni igbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ojú ọ̀nà. Ní ọ̀dọ̀ wa ní Zaria, bí ẹnì kan bá ń bọ̀ lókèèrè, o ti máa mọ ẹni tó jẹ́ kó tó dé. Níbẹ̀, èèyàn kò lè rí kọjá igi àkọ́kọ́. Ojú ọ̀run kéré lókè bí ọ̀já. Ilẹ̀ ń rùn bí ìkòkò omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Mo sọ fún bàbá rẹ pé kó dúró níbi tí mo ti rí arúgbó obìnrin kan tó to obì sórí tábìlì lẹ́bàá títì.

Mo kí i, mo mú obì kan, mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Ó wò mí dáadáa, ó ní, "Ẹ̀yin náà ń tà á."

Mo ní, "Mo tà á títí orúnkún fi lé mi kúrò lọ́jà. Fi igi rẹ̀ hàn mí."

"Igi ńkọ́? Ṣé ẹ ò rí i rí ni?"

"N kò rí i rí."

Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó mú mi lọ́wọ́ gba ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Mo ti rò pé igi náà á ga bí mọ́ṣáláṣí. Kò ga tó bẹ́ẹ̀. Ewé rẹ̀ dúdú, ó ń dán, èso rẹ̀ so kọ́ ní márùn-ún márùn-ún bí ìka ọwọ́, àwọ̀ ewé ni, ara rẹ̀ rí gbágungbàgun. Ó já ọ̀kan, ó fi àdá là á. Àwọn obì wà nínú rẹ̀, wọ́n tutù, wọ́n ń yọ̀, awọ funfun sì bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Funfun! Èmi tí mo ti lo gbogbo ọjọ́ ayé mi pẹ̀lú obì pupa, n kò mọ̀ pé aṣọ funfun ló ń wọ̀ wá sáyé. Mo fọwọ́ bọ́ ọ. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́.

Mo ní, "Ọkọ mi á ti mọ ibí yìí dáadáa."

Ó ní, "Àwọn ará Òkè Ọya tó ń wá rà á? Ẹ̀bá títì ni wọ́n ń dúró sí, Ìyá. Wọ́n á ná an, wọ́n á dì í, wọ́n á lọ. Láti ìgbà tí mo ti dé ilé ọkọ ni mo ti ń rí wọn, ẹnì kankan nínú wọn kò wọ ẹ̀yìn ilé yìí rí."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi, àwọn ẹyẹ fò lórí igi. Mo rẹ́rìn-ín fún gbogbo ìgbà tí wọ́n ti fi mí rẹ́rìn-ín.

Ìjẹ̀bú-Òde la sùn. Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, a dé Ẹ̀pẹ́, ibẹ̀ sì ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí a bí sí Zaria, inú Haúsá lẹ ti ń ronú. Bàbá rẹ yọrí láti inú ọkọ̀, ó bi àwọn èèyàn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni omi ńlá wà?" Omi ńlá, dípò òkun! Ẹni tó bá béèrè omi ńlá ní Ẹ̀pẹ́, ibì kan náà ni gbogbo ènìyàn máa nàka sí. Wọ́n júwe ọjà ẹja fún un. A sọ̀ kalẹ̀, a gba àárín àwọn ẹlẹ́ja kọjá, omi sì wà níwájú wa. Bàbá rẹ na ọwọ́, ó ní, "Màmá, òkun rèé! Ọlọ́run ti ṣe é."

Mo wò ó. Omi náà dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ewéko tútù léfòó lórí rẹ̀. Ọkùnrin kan ń tukọ̀ lọ bí ẹni tí oorun ń kùn. Mo fojú wá ọ̀kánkán, mo sì rí igi ní òdìkejì. Mo di ìkángun afárá pákó mú, mo bẹ̀rẹ̀, mo bu omi, mo fi kan ahọ́n.

"Màmá! Ẹ má mu omi yẹn!"

Mo tu ú dànù. "Iyọ̀ rẹ̀ dà?"

Obìnrin ẹlẹ́ja kan tó jókòó ti agbada ẹja rẹ̀ pariwo: "Ìyá, ọ̀sà lèyí o! Ta ló pè é lókun fún yín?"

"Ọmọ mi ni. Ìwé pọ̀ lórí rẹ̀."

Gbogbo àwọn ẹlẹ́ja bú sẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ ní ọ̀sà àti òkun, omi kan náà ni, wọ́n jọ ń ṣàn bọ́ sínú ara wọn ni. Ó wo aago. Ó ní bí a bá gbéra lójú ẹsẹ̀, a máa sùn ní Lọ́kọ́ja, òun á sì bá kíláàsì òun. Ó ní, "Màmá, a ti rí i. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Mo gba àpótí ìjókòó lọ́wọ́ ẹlẹ́ja yẹn, mo jókòó.

"Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mo ń dúró de òkun. Bí o kò bá gbé mi lọ bá a, bóyá á wá bá mi níbí."

Ó pe àbúrò rẹ̀ ní Kàdúná, ó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde sí etí gbogbo wa. "Haba, Màmá!" Bẹ́ẹ̀ ló ń ké. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ ọkọ̀! Ẹ̀yin náà ti dàgbà, ẹ má ṣe bí ọmọdé!"

Mo ní, "Mo ti dàgbà lóòótọ́. Ìdí nìyí tí n kò fi ní dìde. Bí mo bá jẹ́ ọmọdé, n óo ní n óo wá lọ́dún tó ń bọ̀." Mo wá kọjú sí bàbá rẹ. "Bàbá rẹ ní kí lobìnrin fẹ́ lọ wò nínú omi. N kò dá a lóhùn títí tó fi kú. Ọ̀sà kọ́ ni mo wá wò. Bí o bá fẹ́ máa lọ, máa lọ. N óo máa ta ẹja níbí."

Ẹlẹ́ja yẹn ní, "Ẹ jẹ́ kó máa lọ, Ìyá. Àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Ìwọ ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà pẹ́. O dúró lẹ́yìn mi, o ní, "Bàbá, èmi náà ò tíì rí i." Bàbá rẹ wo àwa méjèèjì. Ó mí kanlẹ̀. Ó béèrè ọ̀nà òkun lọ́wọ́ ẹlẹ́ja, orúkọ rẹ̀ gan-an ló sì pè lọ́tẹ̀ yìí.

A gba apá Ìbẹ̀jú lọ títí ọ̀dà fi tán tí iyanrìn bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ kò sì lè lọ mọ́. Bàbá rẹ ní kí òun pọ̀n mí. Mo ní, "Èmi ni mo pọ̀n ọ́, kò ní di pé kí o san án padà lónìí." Mo di èjìká rẹ mú, ìwọ ọmọ yìí, a ń lọ díẹ̀díẹ̀ láàárín igi àgbọn. Ariwo rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo rò pé tírélà ló ń bọ̀, mo yà kúrò lójú ọ̀nà fún un. Lẹ́yìn náà igi tán.

N kò ní parọ́: ẹ̀rù bà mí. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé òkun ga. Ó dúró lókè ju ilẹ̀ tí a wà lọ, bí ẹni pé ẹnì kan ń dì í mú kó má dà lé wa lórí. Mo wá òdìkejì, n kò rí i. Ìgbì dìde, ó wó, ó sáré wá bá mi, ó kó iyanrìn lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo bu ú sẹ́nu. Iyọ̀ ni! Mo gbé e mì.

Àkókò ìrun Aláàsárì ti tó. Bàbá rẹ ní òun á lọ gbé omi wá láti inú ọkọ̀ fún àlùwàlá. Mo ní gbogbo omi tó wà níwájú wa yìí ńkọ́? Ó ní iyọ̀ ni. Mo ní n kò mọ̀wé, àmọ́ mo lọ ilé kéwú, omi òkun mọ́. Mo fi í ṣe àlùwàlá. Ó wọ imú mi, ó ta mí, mo sín lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá rẹ náà ká sòkòtò rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sínú omi. Ó tẹ́ ẹní, ó ṣíwájú wa, a kírun. Ẹ̀yìn wa ló kọ sí òkun, mo sì ń gbọ́ ọ ní gbogbo àsìkò tí a fi wà lórí ìdúró. Nígbà tí a foríkanlẹ̀ kejì, omi dé abẹ́ wa, gbogbo ẹní rin gbingbin. Ẹnì kankan nínú wa kò sún.

Nígbà tí a parí, bàbá rẹ ní ká máa lọ. Mo ní n kò tíì wò ó tán. Ó tún sọ ọ́. Mo dá a lóhùn bákan náà. Nígbà tó yá, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó tì mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la wọ Zaria. Mo gbọ́ nígbà tó ń sọ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ lórí fóònù pé ọkọ̀ ló bàjẹ́ lọ́nà. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ̀ kankan kò bàjẹ́. Èmi ni n kò dìde.