Ọ̀rẹ́ mi tó ka àwọn tó ń lo Linux

Ohùn ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ajangbadi kò kúrò létí mi. Oníbàárà kì í tíì jókòó tó fi máa bi í pé, "Linux wo lẹ ń lò?" Ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows, ni Linux, àmọ́ ọ̀fẹ́ ni. Tí onítọ̀hún bá ní Windows lòun ń lò, á mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

Nínú gbogbo oríṣi Linux, ó ní Mint ló gbajúmọ̀ jù. Ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà, ní irọ́ ni, Ubuntu ni. Ọ̀rọ̀ yìí dìjà, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìbà, ọ̀rẹ́ mi dìde, ó ní kí gbogbo ẹni tó ń lo Linux nawọ́ sókè. Màmá àgbà kan ṣoṣo ló nawọ́.

Inú rẹ̀ dùn. "Mà, èmi ni mo fi Mint sí tiyín, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìyàwó ẹ ti bá mi yọ ọ́, ó fi Ubuntu sí i. Ó ní kí n má sọ fún ẹ."

Ìyàwó rẹ̀ ti fi ìwé orin bojú, ẹ̀rín ń mì ín léjìká. Ọ̀rẹ́ mi wò ó títí, lòun náà bá bú sẹ́rìn-ín.

"Olè ni ẹ́," ló sọ fún un. Gbólóhùn àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn.