Òfin Ilẹ̀kùn Inú Ọkọ̀ Ìtura

Akínwálé gbé ìwé ètò yàrá tí mo fọwọ́ ara mi yà sílẹ̀ lórí tábìlì mi, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ bá mi yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀. Mi ò ní bá wọn lọ."

Mo ní kó jókòó. Kò jókòó. Àkúrẹ́ ló ti wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ báńkì. Táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, eruku ọ̀kadà sì ti bo bàtà rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Èmi sì rò pé nínú gbogbo ètò tí mo ti ṣe láti ọdún mẹ́fà, ti ìdílé wọn ló dára jù.

Ní Òkìtìpupa lèyí ṣẹlẹ̀, láàárín àwọn ọdún 1990. Lẹ́yìn tí mo jáde ní yunifásítì, mo kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì fún ìgbà díẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ igi gẹdú kan tó gbà mí láti máa bójú tó ọkọ̀ ojú omi wọn tó ń jẹ́ Ìtura. Àwọn ọ̀gá ló ń gbé e lọ wo igi tẹ́lẹ̀. Nígbà tí igi ń tán nínú igbó, wọ́n ní ká máa fi gbé àwọn ẹbí tó bá fẹ́ lo ọjọ́ mélòó kan lójú omi. A ó gbéra ní èbúté Òkìtìpupa, a ó tẹ̀lé odò Olúwa lọ sísàlẹ̀ títí a ó fi dé ọ̀sà, a ó sì padà. Bí mo bá ń sọ ọ́ lónìí pé ìrìnàjò ìgbádùn bẹ́ẹ̀ wà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kì í gbà mí gbọ́.

Òkè àti ìsàlẹ̀ ni ọkọ̀ náà ní. Ẹ́ńjìnnì, ilé ìdáná àti yàrá kéékèèké mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀. Ibi tí gbogbo ènìyàn ń bèèrè fún wà lókè. Sùítì ni a ń pè é: yàrá ńlá kan àti yàrá kékeré kan, pálọ̀ wà láàárín wọn, ó ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀, ènìyàn sì lè dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kó máa wo imọ̀ ọ̀pẹ tó ń kọjá lójú fèrèsé. Atukọ̀ wa, ará Àrógbò kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló ń wa ọkọ̀. Tèmi ni láti mọ ibi tí oníkálukú yóò sùn. Ẹ lè rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Ẹni tó bá sùn síbi tí kò bá a lára mu nínú ilé lè jáde lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́. Lójú omi, kò síbi tí yóò lọ.

Ìyàwó mi, Ìyá Dúpẹ́, ló ń se oúnjẹ inú ọkọ̀. Olùkọ́ ètò ilé ni tẹ́lẹ̀, bí ó bá sì se ọbẹ̀ marúgbó, tó gbé púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ wa, tì í, àwọn èrò kì í tètè fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ìwà kan tí mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kí a tó gbé ẹbí kankan, ó máa ń fẹ́ kọ́kọ́ dé ilé wọn, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì máa ń bi wọ́n: "Ta ló máa ń kọ́kọ́ jí nílé yìí?" Mo rò pé nítorí tíì àárọ̀ ni. Nígbà tí ó kan ìdílé Akínwálé, mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, mo mọ̀ wọ́n. Bàbá wọn ti jẹ́ alábẹ̀wò ilé-ìwé rí, ó sì ti bẹ kíláàsì mi wò lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo jẹ́ tíṣà. Bàbá Alábẹ̀wò ni gbogbo Igbótako ń pè é, kódà lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì.

Ìyàwó rẹ̀ ló béèrè fún ìrìnàjò náà. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n ní: Akínwálé, Bọ́sẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, àti Kọ́lá tó ṣì wà ní yunifásítì. Bọ́sẹ̀ fẹ́ ṣègbéyàwó, yóò sì bá ọkọ rẹ̀ lọ sókè òkun. "Ilé wa kì í ṣófo," ni Màmá sọ fún mi. "Bí mo bá kó wọn jọ síbẹ̀, àlejò ni n ó máa gbà. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo fẹ́, kí àwa márààrún wà níbi tí ẹnikẹ́ni ò lè yà sí, kí ọmọ yìí tó lọ."

Mo lọ yà yàrá. Mo tẹ̀lé ipò, bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà dàgbà. Bàbá àti Màmá wà nínú yàrá ńlá sùítì, Akínwálé àti Kọ́lá nínú yàrá kékeré tó kọjú sí i, Bọ́sẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Bàbá Alábẹ̀wò yẹ ìwé náà wò, ó fi bírò pupa màákì sí etí rẹ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ àṣetiléwá ni. Ó fi ọ̀rọ̀ kan kún un: kí á yọ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yàrá àwọn ọmọkùnrin. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yìí ló gbé Akínwálé wá sí ìdí tábìlì mi lọ́jọ́ náà, ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ní Ọdún Àjíǹde, bàbá rẹ̀ wọ yàrá rẹ̀ bó ṣe máa ń wọ̀ ọ́ láti kékeré, láìkan ilẹ̀kùn. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó rí lẹ́tà ọmọbìnrin kan, ó kà á, ó sì béèrè ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lójú gbogbo ilé nídìí oúnjẹ. Láti ọjọ́ náà, Akínwálé kò sùn sí Igbótako mọ́.

"Ẹ wo ibi tẹ́ ẹ fi mí sí, sà," ó wí. "Bí mo bá fẹ́ jáde, iwájú wọn ni n ó gbà. Bí mo bá wọlé, wọ́n á wọlé tẹ̀lé mi. Ilé-ìwé kọ́ ni mí, tí wọ́n á máa bẹ̀ mí wò."

"Màmá rẹ ńkọ́?"

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n," ó wí, ó sì lọ.

Nígbà tí mo ròyìn fún Ìyá Dúpẹ́ nílé, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tọ́ sí mi. Ó kàn béèrè pé, "Ta ló máa ń kọ́kọ́ jí níbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ jẹ́ ká lọ mọ̀ ọ́n, Bàbá Dúpẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, a wọ takisí lọ sí Igbótako. Wọ́n fi tayọ̀tayọ̀ gbà wá, wọ́n fún wa ní ọsàn. Ìyá Dúpẹ́ béèrè ìbéèrè rẹ̀.

"Bàbá ni," Màmá dáhùn. "Aago márùn-ún kì í bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n á sì máa ṣí ilẹ̀kùn kiri, kí wọ́n mọ ẹni tó ṣì ń sùn."

"Ọ̀lẹ ni wọ́n," Bàbá wí.

Mo rí i tí ojú ìyàwó mi lọ sára àwọn ilẹ̀kùn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó ní kọ́kọ́rọ́. Ó bó ọsàn rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá, nínú ọkọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ jí kì í sùn lókè. Ìsàlẹ̀ ni, nítòsí atukọ̀. Ìtì igi àti koríko tó ń léfòó pọ̀ lójú omi báyìí, atukọ̀ sì nílò àgbà tí ojú rẹ̀ ń dá ní ìdájí. Ọ̀dọ́ ò lè ṣe é. Oorun ń kùn wọ́n."

"Ta ni yóò wá sùn sí sùítì?"

"Àwọn ọ̀lẹ, sà."

Màmá bojú. Bàbá Alábẹ̀wò wo ìyàwó mi láti òkè délẹ̀. "Ìwọ obìnrin yìí, o fẹ́ fọgbọ́n lé mi kúrò ní yàrá ọlá."

"Ó tì o, sà. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé ló ni ọlá. Òfin kan tún wà nínú ọkọ̀ wa. Kò sẹ́ni tó ń wọ yàrá ẹlòmíràn láìkan ilẹ̀kùn. Atukọ̀ pàápàá ń kàn án. Òun nìkan kọ́, ọ̀gá ọkọ̀ náà ń kàn án."

Bàbá yíjú sí mi. "Tíṣà, ṣé òótọ́ ni?"

Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kan ọkọ̀ náà. Ìyá Dúpẹ́ kò wò mí. Ó ń ṣa kóró ọsàn sínú àwo.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," mo wí.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo ti tẹ òfin náà sórí ìwé, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọkọ̀. Mo tún yàrá yà: àwọn òbí nísàlẹ̀, Bọ́sẹ̀ nínú yàrá ńlá, àwọn ọmọkùnrin nínú yàrá kékeré, kọ́kọ́rọ́ nínú gbogbo ilẹ̀kùn. Mo fi ẹ̀dà ètò tuntun náà ránṣẹ́ sí Akínwálé ní Àkúrẹ́. Kò fèsì.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ gbéra, mẹ́rin nínú wọn dé lásìkò. Màmá dúró sí etí ọkọ̀, ó gbójú sí ọ̀nà. Atukọ̀ wò mí, mo ní kó ṣe sùúrù. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbà fún un pé kó tú okùn ni ọ̀kadà kan yọ lókè èbúté. Akínwálé sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ lọ sókè, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ní gbogbo ọjọ́ kìíní, "ẹ káàsán" àti "ẹ kúùrọ̀lẹ́" nìkan ló jáde lẹ́nu rẹ̀ sí bàbá náà. Mo rò pé a ti kùnà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń gbé tíì lọ sókè nígbà tí mo rí Bàbá Alábẹ̀wò níwájú ilẹ̀kùn sùítì. Ó ti gbọ́wọ́ sókè, ọwọ́ náà sì dúró sínú afẹ́fẹ́. Mo fà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹni àádọ́rin ọdún ni, mi ò sì rò pé ó ti kan ilẹ̀kùn ọmọ bíbí inú rẹ̀ rí. Ó kàn án, lẹ́ẹ̀mẹta, jẹ́jẹ́.

"Ta ni?" Ohùn Akínwálé ni.

"Èmi ni."

Kọ́lá, tí kì í lè mú ẹ̀fẹ̀ mọ́ra, ké láti inú bẹ́ẹ̀dì: "Ta ni èmi?"

Mo rò pé ilé ti dàrú. Bàbá wẹ̀yìn, ó rí mi pẹ̀lú abọ́ tíì, ó sì kọjú sí ilẹ̀kùn padà.

"Bàbá yín ni."

Kọ́kọ́rọ́ dún. Akínwálé fúnra rẹ̀ ló ṣí i. "Ẹ wọlé, sà."

Bàbá wọlé, ó jókòó sí etí àga bí àlejò. Nígbà tó yá, ó ní, "Ta ló tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wíwọ́ yẹn?" Ẹ̀rín wọn dé ilé ìdáná. Màmá gòkè, òun náà kan ilẹ̀kùn. Pálọ̀ àwọn ọmọ ni wọ́n ti jẹun títí a fi padà sí èbúté. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n sọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà. Mo kàn mọ̀ pé ní ọjọ́ kẹta, bàbá àti ọmọ ló bá atukọ̀ ṣọ́ koríko ojú omi ní ìdájí, wọ́n sì jọ pín ife tíì kan mu.

Ìtura kò pẹ́ lójú omi lẹ́yìn náà. Ilé-iṣẹ́ náà tà á, mo padà sídìí iṣẹ́ tíṣà, ibẹ̀ ni mo ti fẹ̀yìn tì. Òfin náà bá wa délé. Ìyá Dúpẹ́ ní kò dára kí a máa fi òfin tí àwa fúnra wa kò lè pa mọ́ de ẹni ẹlẹ́ni. Dúpẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà náà. Bí mo bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ tí mo ní "Èmi ni", òun tàbí ìyá rẹ̀ á dáhùn pé "Ta ni èmi?" Ó di eré ilé wa. Nígbà tí àìsàn gbé ìyàwó mi dè sínú yàrá, tí ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa mọ́, ó ṣì ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi ní àràárọ̀.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti lọ. Mi ò sùn sí yàrá náà mọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ mú nǹkan níbẹ̀, mo máa ń kan ilẹ̀kùn kí n tó wọlé. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lóṣù tó kọjá, Dúpẹ́ wá kí mi. Mi ò mọ̀ pé ó ti jí. Mo kan ilẹ̀kùn náà bí mo ṣe máa ń kàn án, ohùn kan sì dáhùn láti inú yàrá.

"Ta ni?"

Ilẹ̀kùn náà ṣí díẹ̀; Dúpẹ́ ni, ó ń ká aṣọ ìyá rẹ̀. Mo di férémù ilẹ̀kùn mú. "Èmi ni," mo wí.

Ó gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ta ni èmi?"

"Bàbá rẹ ni."

"Ẹ wọlé, sà."