Etí Ọ̀gá Ọláìtán

Tó o bá dé ọgbà mẹkáníìkì wa ní Ìdímù, tó o béèrè ẹni tó ń tún áàsù ṣe, ìyẹn irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Ọláìtán ni wọ́n máa júwe fún ẹ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Èmi Táyéwò, tí mo ń ṣe wáyà mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo fẹ́ràn ọkùnrin náà, àmọ́ agídí rẹ̀ máa ń sú mi.

Iṣẹ́ áàsù kì í ṣe iṣẹ́ agbára. Jíà méjì ló ń pàdé nínú rẹ̀, ńlá kan tó rí róbótó, àti kékeré kan tí wọ́n ń pè ní píníọ̀nù. Tí píníọ̀nù bá sún mọ́ èkejì jù, wọ́n á máa jẹ ara wọn. Tó bá jìnnà jù, eyín wọn ò ní wọnú ara wọn dáadáa, wọ́n á sì kán lójú ọ̀nà. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n ń kì sí ìdí píníọ̀nù ló ń sọ ibi tó máa dúró sí. Ọ̀gá Ọláìtán kì í ra irin yẹn, agolo mílíìkì ló máa ń gé. Àwọn mẹkáníìkì mìíràn á kun eyín jíà, wọ́n á yí i, wọ́n á wá wo ibi tí àwọ̀ náà ti pa rẹ́, ìyẹn ibi tí eyín méjèèjì ti fara kan ara. Ọ̀gá á yọ ṣùtì sí wọn.

"Àwọn tí ò gbọ́ràn ló ń kun jíà jàre," á wí. "Èmi, etí mi tó mi."

Òótọ́ ni, etí rẹ̀ tó o lóòótọ́. Á jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn mọ́tò, ní òkè áàsù gan-an, wọ́n á máa wà á lọ sí Ìkòtún, á di ojú rẹ̀, kó tó dé á ti mọ̀ bóyá kí òun fi agolo kún un ni àbí kí òun yọ kúrò.

Lásìkò òjò yìí ni Olúgbénga, oníbàárà Ọ̀gá kan, gbé jíìpù rẹ̀ wá. Ayọ̀bọ̀ ló kọ́lé sí, níbi tí ọ̀nà ò ti yàtọ̀ sí odò, jíìpù yẹn ló sì fi ń gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ọsibítù. Ìyá náà ò lè rìn mọ́. Ọ̀gá pààrọ̀ jíà, ó gé agolo, ó dè é pa. Olúgbénga wà á, mo jókòó ti í, Ọ̀gá wà nílẹ̀ lẹ́yìn. A ò tíì jìnnà tí áàsù fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Igbe fíín kan ni, ó dà bí ẹ̀fọn tó há sínú etí, bí mọ́tò sì ṣe ń sáré sí i ni igbe náà ń le sí i.

Ọ̀gá di ojú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé ẹ gbọ́? Ó dákẹ́ bí ọmọ tó yó."

Olúgbénga wò mí. Èmi ń wo títì.

"Ó dáa gan-an, Ọ̀gá," Olúgbénga dáhùn.

Kí ló fẹ́ sọ? Ta ló máa wo ojú àgbà kó ní kò gbọ́ràn? Nígbà tá a padà dé, ó fà mí sí kọ̀rọ̀. "Bọ̀ọ̀dá Táyéwò, mọ́tò yẹn ń ké o! Ìyá mi ni mo fẹ́ fi gbé!"

"Mo gbọ́ ọ. Sọ fún Ọ̀gá pé búréèkì ń há, kó o fi mọ́tò sílẹ̀."

Bó ṣe purọ́ nìyẹn. Mo kọjá sọ́dọ̀ Àdíját, ìyàwó Ọ̀gá, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Fàthíà. Mi ò tíì sọ ọ́ tán tó fi jókòó.

"Ẹ̀yin náà ti mọ̀ nìyẹn, Bàbá Jésùtóbi," ó ní, orúkọ ọmọ mi ló fi ń pè mí. "Bàbá Fàthíà ò gbọ́ ìpè ìrun àsùbáà mọ́. Mo máa ń fi ẹsẹ̀ kàn wọ́n bíi pé ojú oorun ni mo ti yíra. Tí fóònù wọn bá ń dún, màá gbé e lọ bá wọn, màá ní mo ń kọjá lọ ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo mọ̀. Tí wọ́n bá mọ̀, kí ló tún kù fún wọn láyé?"

Ó bú sẹ́kún. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi. Gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin kan, a sì fẹ́ fi ọ̀wọ̀ náà pa ìyá ọlọ́mọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Lọ́jọ́ kejì, ó wá sí ọgbà, ó mú tìróò rẹ̀ dání. Ọ̀gá ti tú búréèkì palẹ̀, ó ń wá ohun tí kò sọnù.

"Kí lo wá ṣe níbí?"

Àdíját bu gírísì sí àtẹ́lẹwọ́, ó da tìróò sí i, ó pò ó pọ̀ títí ó fi dúdú. Ó ní kí n bá òun ṣí ìdérí áàsù. Ó kun eyín jíà náà.

"Ẹ yí i, Bàbá Fàthíà."

Ọ̀gá wò ó, ó wò mí, ó yí i. Àárín eyín ló yẹ kí tìróò ti pa rẹ́. Ìsàlẹ̀ eyín nìkan ló ti pa rẹ́, gbogbo ibi tó kù dúdú kirikiri. Mo rò pé ó máa pariwo.

"Ó ké?" ó bi mí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ó ké, Ọ̀gá. Láti ibí dé Ìkòtún."

"Olúgbénga gbọ́?"

"Ó gbọ́."

"Ìwọ ńkọ́, Àdíját? Ó ti pẹ́ tó o ti mọ̀?"

Obìnrin náà ń fi ìró rẹ̀ nu ọwọ́.

Ọ̀gá wá agolo mìíràn, ó gé e. Ó tú u, ó dè é, ó kùn ún, ó yí i, títí tìróò fi pa rẹ́ ní àárín eyín gan-an. A ránṣẹ́ sí Olúgbénga, a tún gbọ̀nà Ìkòtún. Áàsù ò ké rárá. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kọrin. Àmọ́ Ọ̀gá ò di ojú lọ́tẹ̀ yìí. Ojú wa ló ń wò, látorí èmi sórí Olúgbénga.

"Ó ti dákẹ́?"

"Ó ti dákẹ́, Ọ̀gá," a jọ wí.

"Lánàá náà, ẹ ní ó dáa."

Mo yíjú sẹ́yìn, mo fi Ọlọ́run búra, ẹnu mi ló ń wò. Olúgbénga náà búra. Ọ̀gá mi orí.

"Máa wà á lọ ṣá," ó ní. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ mọ́tò, lókè áàsù, bóyá ara irin á sọ òótọ́ fún un. Kò gbé wọn kúrò títí a fi padà dé Ìdímù.