Ọjọ́ Tí Mo Gbé Ẹjọ́ Ọmọ-ọmọ Mi Lọ sí Kóòtù Ìjọba Àpapọ̀

Lẹ́yìn tí ọmọ mi obìnrin kú, kóòtù gíga ìpínlẹ̀ Èkó ní ọ̀dọ̀ mi ni kí ọmọ rẹ̀ máa gbé, torí òkè òkun ni bàbá ọmọ náà wà. Ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ni ọmọ wà, lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀. Àna mi yìí wo ìwé tí mo gbé lọ, ó dá a padà fún mi. Ó ní kóòtù Èkó ò lè pàṣẹ ní ìpínlẹ̀ Ògùn.

Aránṣọ ni mí ní Ìdúmàgbò, ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ ò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ sórí aṣọ. Mo ra ìwé kọnsitítúṣọ̀n ní Tinúbú, mo tẹ́ ẹ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, mò ń fi ìka tẹ̀lé e. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà níléèwé, òyìnbó inú rẹ̀ sì le, ṣùgbọ́n ó ń dùn mọ́ mi. Mo rí i pé bí ìpínlẹ̀ méjì bá ń jà, kóòtù tó ga jù lọ ní Àbújá ni wọ́n ń lọ tààrà. Bá a ṣe ń ṣe lágboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó náà nìyẹn: bí ojúlé méjì bá ń jà, àgbà ojúlé kankan kì í dá a, ọ̀dọ̀ olórí ẹbí ló ń lọ. Àbújá jìnnà. Mo ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ékòó níbí náà á ṣe é. Àpapọ̀ ṣáà ni.

Mo wọ agbádá lọ. Mo ṣì rántí orúkọ akọ̀wé kóòtù tó dá mi lóhùn, títí kan ti bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ó bi mí bóyá ẹjọ́ owó orí ni àbí ti ẹrù kọ́sítọ́ọ̀mù. Mo ṣàlàyé.

"Bàbá, ṣé ìpínlẹ̀ lẹ̀yin àti àna yín ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà ìsìnkú. Ó gba ìwé kọnsitítúṣọ̀n tí mo mú dání lọ́wọ́ mi, ó ṣí i síwájú, ó fọwọ́ sí ibi tí mi ò tíì kà dé: ìdájọ́ kóòtù gíga ìpínlẹ̀ kan múlẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè, gbogbo aláṣẹ àti gbogbo èèyàn ló gbọ́dọ̀ mú un ṣẹ. Ó ní kí n gbé ìdájọ́ mi lọ sí kóòtù gíga Abẹ́òkúta, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tiwọn. Mo lọ. Wọ́n tẹ òǹtẹ̀ tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Èkó.

Àna mi wo òǹtẹ̀ méjèèjì, ó wọlé, ó di aṣọ ọmọ sínú báàgì. Nígbà tó jáde, kò wojú mi.

"Bàbá ìyàwó wa, ṣé ẹ ó jẹ́ kó máa wá kí mi?"

Ìdájọ́ mi ò sọ nǹkan kan nípa ìyẹn. Mo ní gbogbo ìgbà tí iléèwé bá ti gba họlidé, èmi fúnra mi ni n ó máa mú un wá.