Bí Òbúkọ Ajíbàtà Ṣe Tọrọ Àforíjì

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni ọkùnrin yìí fi jẹ́ òbúkọ. Kì í ṣe òbúkọ tó ń jẹ ewé kiri o. Òbúkọ inú kátúùnù ni, èyí tí wọ́n máa ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà táwọn ọmọ bá ti ilé ìwé dé. Àwọn ayàwòrán ló ń ya ìwo àti irùngbọ̀n ẹ̀, òun ló ni ohùn. Iṣẹ́ ibi kan ṣoṣo ni òbúkọ yẹn mọ̀ ní gbogbo ayé ẹ̀: ó ń jí bàtà ọmọ ẹranko. Bàtà òsì nìkan. Ọdún mẹ́sàn-án, bàtà òsì! Ẹnikẹ́ni ò béèrè kí ni ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ní pátákò fẹ́ fi bàtà ṣe. Ọmọdé ò béèrè, àgbà ò béèrè, eré ń lọ.

Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Bàbá Òbúkọ. Ẹ wo ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù ná: ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì, tó jẹ́ pé tó bá fẹsẹ̀ kọ àga, á ní kí àga má bínú. Àmọ́ tó bá ti fa ọ̀fun ẹ̀ sẹ́yìn báyìí, tó sọ ohùn yẹn sílẹ̀, ajá á wọ abẹ́ ọkọ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé ló ń jẹ àǹfààní ẹ̀ jù.

"Bàbá Òbúkọ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi húkọ́! Ọmọ yìí ní òun ò wẹ̀!"

Á yọrí lójú fèrèsé òkè, á húkọ́ bí òbúkọ lẹ́ẹ̀kan péré. Kó tó ti fèrèsé padà, ọmọ ti wà nínú omi tọṣẹtọṣẹ.

Ayé ń lọ bẹ́ẹ̀, jẹ́jẹ́, títí di ọjọ́ Ajé kan tí olùdarí eré pè é sí ọ́fíìsì. Obìnrin kékeré kan ni olùdarí yìí, bíró mẹ́ta ló máa ń wà nínú irun ẹ̀, á tún máa wá bíró.

"Bàbá Òbúkọ, ẹ jókòó. Òbúkọ máa ronú pìwà dà."

"Kí ló ṣe é? Ṣé ó ń ṣàìsàn ni?"

"Kò ṣàìsàn. Ayé ti yí padà ni. Àwọn òbí ní àwọn ò fẹ́ ẹni burúkú tí ò nídìí mọ́. Wọ́n ní ẹni burúkú gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń dùn ún. A ti bá a wá ohun tó ń dùn ún."

"Kí ni?"

"Nígbà tó wà ní kékeré, bàtà òsì ẹ̀ já bọ́ sódò."

Bàbá Òbúkọ ro ó, ó tún un rò. "Ọ̀gá, òbúkọ? Nínú bàtà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pátákò láàárọ̀ yìí."

Wọ́n wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀. Yàrá kótópó kan ni, fóòmù ló wà lára ògiri, máìkì kan ń rọ̀ látòkè, gíláàsì wà láàárín òun àti ọkùnrin tó ń gba ohùn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà lórí bébà ò ju ìlà kan lọ: *Ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin ọmọ. Mo ti yí padà.*

Ó fa ọ̀fun sẹ́yìn, ó kà á.

Ọkùnrin tó ń gba ohùn yọ ohun tó fi bo etí. "Bàbá Òbúkọ, ó dà bíi pé ẹ ti jẹ àwọn òbí wọn ni."

Ó tún un kà. Èyí burú jùyẹn lọ. "Mo ti yí padà" yẹn dún bí ẹni tó yí padà láti wá gba bàtà ọ̀tún. Ó kà á jẹ́jẹ́, ó dún bí ìhàlẹ̀. Ó kà á pẹ̀lú ẹkún, ó dún bí ẹni tó ń fi àwọn ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ kó tó bù wọ́n jẹ. Ìgbà mẹ́tàlélógún! Ẹni tó ń bẹ àga níbi gbogbo ò lè bẹ ẹnikẹ́ni nínú ohùn òbúkọ.

Ehoro wà níbẹ̀. Ehoro ni ọ̀dọ́kùnrin tó ń sọ̀rọ̀ fún ehoro akíkanjú tó máa ń lé òbúkọ. Ohùn ẹ̀ dùn bí oyin, òun náà sì mọ̀. Ó bọ́ síwájú máìkì, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin ọmọ…" Yéè. Gbogbo ilé ṣe háà.

"Mo kàn dán an wò ni o, Bàbá mi," ni Ehoro wí. "Ẹ má bínú."

Olùdarí fa bíró kan yọ nínú irun. "Bàbá Òbúkọ, Ọjọ́bọ̀ la máa gbà á sílẹ̀. Tí kò bá ṣeé ṣe títí Ọjọ́bọ̀, Ehoro á máa sọ méjèèjì."

Ọdún mẹ́sàn-án ohùn, kó wá bọ́ sẹ́nu ehoro! Bàbá Òbúkọ rìn délé láì bẹ àga kankan.

Ohun tí wọn ò mọ̀ nìyí. Ohùn yẹn kì í ṣe tiẹ̀. Ó yá a ni. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ló ni ín, èyí tó fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ, tó fi ohùn yẹn jí i láàárọ̀, tó fi rán an níṣẹ́, tó fi lé e sùn, fún gbogbo ìgbà èwe ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá òbúkọ lọ́dún náà lọ́hùn-ún, ó kàn la ẹnu ni, ẹ̀gbọ́n jáde. Kò sì sọ fún ẹ̀gbọ́n o! Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Ibi tí wàhálà wà wá nìyí: láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ti dáyé, kò tíì sọ "má bínú" fún ẹ̀dá alààyè rí. Ibo ni Bàbá Òbúkọ ti fẹ́ mọ bó ṣe ń dún?

Ló bá gbéra lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ó gba ibi iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n lọ. Ilé ìfọṣọ ni, ẹ̀gbọ́n ni ọ̀gá níbẹ̀. Ẹ̀rọ mẹ́rin ń yí aṣọ, oru ń fín jáde lára páìpù, ọmọbìnrin méjì ń fi píìnì so orúkọ oníbàárà mọ́ aṣọ. Ẹ̀gbọ́n dúró nídìí tábìlì gígùn, áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́. Àbúrò ti tẹ fóònù kó máa gba ohùn sílẹ̀, ó fi sápò àyà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Kí ló ṣe ẹ̀wù ẹ yẹn? Ṣé màlúù ló gbé e mì tó tún bì í síta?"

"Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bá yín sọ."

"Sọ ọ́. Ọwọ́ mi ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe etí mi."

"Ẹ rántí ẹ̀wù funfun bàbá wa? Èyí tí ẹ fi áyọ́ọ̀nù jó, tí ẹ ní èmi ni?"

Áyọ́ọ̀nù dúró. Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì náà dúró.

"Ẹgba mẹ́fà ni mo jẹ," ni àbúrò ń wí lọ. "Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà yẹn. Ọwọ́ mi ò tó orí tábìlì."

"Bàbá ò wá béèrè bí ọwọ́ ẹ ṣe dé bẹ̀?"

"Kò béèrè."

"Ẹ̀bi bàbá nìyẹn." Áyọ́ọ̀nù tún gbéra.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kàn bẹ̀ mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ ní 'Àbúrò, má bínú.' Kí n ṣáà gbọ́ bó ṣe máa dún."

"Bó ṣe máa dún? Ṣé agogo ni mí?"

Àbúrò wò ó pé Ọjọ́bọ̀ ti dọ̀la. Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín àpò aṣọ ẹlẹ́gbin. "Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín, ẹ bẹ̀ mí!"

Ọmọbìnrin kan fi aṣọ oníbàárà bo ẹnu kó má baà bú sẹ́rìn-ín.

"Dìde ńlẹ̀! O ń fi àyà nulẹ̀ fún wọn. Bọ́ ẹ̀wù yẹn."

"Ẹ̀gbọ́n mi…"

"Mo ní kó o bọ́ ọ!"

Ó bọ́ ọ. Ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan lọ́rùn ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yọ fóònù lápò ẹ̀wù, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù oru. Ó tẹ́ ẹ̀wù, ó sì nawọ́ sí ègé aṣọ kékeré kan tó so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Aṣọ funfun àtijọ́ ni, ó ti pọ́n. Ó kọ́kọ́ gbé áyọ́ọ̀nù lé e, ó gbé e kúrò, ó wò ó bóyá ó gbóná jù, kó tó gbé e lé ẹ̀wù. Àbúrò náà wò ó. Àpá jíjó kan wà lórí ègé aṣọ yẹn, pupa rúsúrúsú, ẹnu ẹ̀ ṣóńṣó bí ẹnu áyọ́ọ̀nù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kì í ṣe ẹ̀wù bàbá nìyẹn?"

Kọ́là ni ẹ̀gbọ́n ń lọ̀, látẹnu wá sáàárín. Ó lọ èjìká, ó lọ apá méjèèjì. Ó wá fa abẹ́rẹ́ yọ láyà aṣọ tó wọ̀, ó ń rán bọ́tìnì tó ti já lára ẹ̀wù.

"Ta ló ń lọ ẹ̀wù ẹ láti ọjọ́ tó o ti kúrò nílé bàbá?"

"Ẹ̀yin ni."

"Mo jó ọ̀kan rí?"

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Mi ò tíì jó aṣọ ẹnì kankan láti ọjọ́ yẹn. Kí lo wá ń bi mí?" Ó ju ẹ̀wù lù ú láyà. "Gbà! Mo ti rán bọ́tìnì ẹ̀. Wọ̀ ọ́, òtútù á mú ẹ. Kí lò ń wò?"

Ó mú fóònù nídìí páìpù; nígbà tó dé ìta, ó tẹ́tí sí i. Fììììì. Oru nìkan ló gbà sílẹ̀. Kò dùn ún.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, gbogbo wọn pé. Bàbá Òbúkọ wọlé pẹ̀lú ẹ̀wù tí kọ́là ẹ̀ lè gé búrẹ́dì. Ehoro dúró lápá òsì ẹ̀, ó fẹ́ sọ gbólóhùn tiẹ̀: *A ti dárí jì ẹ́, Òbúkọ.* Bàbá Òbúkọ yí bébà dójú délẹ̀. Ó fa ọ̀fun sẹ́yìn, ó bú ramúramù:

"Ìwọ ehoro! Wá gba bàtà ẹ! Mo ti nù ún. Mo ti pààrọ̀ okùn ẹ̀, ti tẹ́lẹ̀ ti já, ṣé o ò rí i ni? Wọ̀ ọ́, ilẹ̀ tutù. Kí lò ń wò?"

Ehoro la ẹnu, ohùn oyin ò jáde. Ohùn tiẹ̀ gan-an ló jáde, ohùn ọmọ tí wọ́n ti pè wá jẹun rí lẹ́yìn tí wọ́n nà án tán: "Ẹ ṣé, sà. Ẹ ò bá má ti ṣèyọnu."

Lẹ́yìn gíláàsì, ọkùnrin tó ń gba ohùn ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ṣùgbọ́n kò tọrọ àforíjì," ni olùdarí wí.

"Ọ̀gá, ó tọrọ ẹ̀. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?" ni ọkùnrin náà wí.

"Odò ńkọ́? Bàtà tó já bọ́ sódò ńkọ́?"

"Ọ̀gá, ẹ fi odò sílẹ̀."

Olùdarí wá bíró lórí tábìlì, ó wá a lápò, mẹ́ta wà nínú irun. Ó ní, "Bàbá Òbúkọ, ọjọ́ Ajé, ẹ tètè dé. A ní bàtà ẹgbẹ̀rún méjì láti dá padà."

Bó ṣe di pé ohùn dúró lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ àdúgbò dàrú. Nígbà tí eré yẹn jáde, ìyá oníbúrẹ́dì ké sí i gẹ́gẹ́ bí ìṣe ẹ̀, Bàbá Òbúkọ yọrí, ó húkọ́. Ọmọ tó wà nísàlẹ̀ gbójú sókè, ó ní: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Òbúkọ. Ẹ lo oògùn ikọ́."

"Ẹ ti bayé mi jẹ́!" ni ìyá oníbúrẹ́dì pariwo. "Kí ni n óò fi wẹ ọmọ báyìí?"

Ìyẹn tún kéré. Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá Òbúkọ ṣílẹ̀kùn, ó bá ọmọ mẹ́rìnlá lórí ìlà. Olúkúlùkù dúró lẹ́sẹ̀ kan, ó gbé bàtà òsì lọ́wọ́. Wọ́n ní ṣebí ó máa ń nù ún, ó sì máa ń pààrọ̀ okùn. Kí ló fẹ́ sọ? Ó gbé àpótí síta, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó ń nu bàtà. Ó sì ń bẹ bàtà tó bá já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹnu ìyẹn ló wà tí ẹ̀gbọ́n fi yọ, ẹ̀wù mẹ́ta lórí ìkọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó dúró. Ó wo àbúrò, ó wo ìlà, ó wo bàtà.

"Kí lò ń ṣe yẹn? Ṣé bí wọ́n ṣe ń nu bàtà nìyẹn? Gbé búrọ́ọ̀ṣì wá! Sún!" Ó gbá a kúrò lórí àpótí, ó jókòó. "Ta ló kàn? Gbé e wá! Kí lò ń wò?"

Ọmọ ìyá oníbúrẹ́dì tó wà níwájú wo ẹ̀gbọ́n, ó wo Bàbá Òbúkọ, ó tún wo ẹ̀gbọ́n. Ojú ẹ̀ là. Ó yíjú sáwọn tó kù lẹ́yìn.

"Ẹ tò dáadáa o! Òbúkọ gan-an ti dé!"

Ẹ̀gbọ́n gbójú sókè pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. "Ta lẹ̀ ń pè ní òbúkọ?"

Bàbá Òbúkọ ti dọ̀bálẹ̀.