Ta Ló Di Irun Fọláwùmí?

Ìbídùnní kò gbọ́ ìwàásù ọjọ́ ìsinmi yẹn rárá. Bí wọ́n bá ní kó búra, kò lè sọ bóyá Mátíù ni pásítọ̀ kà tàbí Máàkù. Orí kan ló tẹjú mọ́. Orí náà wà láàárín àwọn akọrin, ní ìlà iwájú, ó ń mì díẹ̀díẹ̀ bí orin ti ń lọ. Ṣùkú ni wọ́n dì sí i, ìlà mẹ́rìnlá, gbogbo rẹ̀ gòkè lọ pàdé láàárín orí láìsí èyí tó wọ́. Ìjọ wọn kì í fi dandan lé ìborí, kò sì sí ohun tó bo irun náà lójú ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé irun yẹn dára ló bí Ìbídùnní nínú. Ohun tó bí i nínú ni pé kì í ṣe òun ló dì í.

Fọláwùmí, ìyá Tìmílẹ́hìn, ló ni orí, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni orí yẹn fi jẹ́ ti Ìbídùnní. Nígbà tí Ìbídùnní ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí Agric ní Ìkòròdú, bẹ́ǹṣì kan àti dígí kan péré ló wà níbẹ̀, Fọláwùmí sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó yọjú. Irun rẹ̀ nípọn, ó dúdú, ó ká kò, rílásà kò kàn án rí láyé. Bó bá gbẹ, á sún kì mọ́ orí, ẹ ó rò pé kò ju ìka kan lọ. Bí ẹ bá fi omi àti òrí sí i, tí ẹ sì nà án, á kan èjìká. Onídìrí mẹ́ta ló ti dá a padà kó tó dé ọ̀dọ̀ Ìbídùnní, wọ́n ní àwọn kò lè fi irun ẹnì kan ba ìka àwọn jẹ́. Ìbídùnní gbà á, ó fi wákàtí mẹ́rin bá a jà, ó sì dì í. Nígbà tí Fọláwùmí gbé orí náà dé ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo obìnrin ló ń béèrè pé, "Ta ló bá ẹ dì í?" Àwọn tó béèrè yẹn ló kún ṣọ́ọ̀bù títí di òní.

Ó ti pé oṣù mẹ́ta báyìí tí Fọláwùmí kò yà síbẹ̀ mọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń wé gèlè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, Ìbídùnní sì rò pé bóyá ara rẹ̀ kò yá. Nígbà tó ṣí gèlè, irun tuntun ló wà lábẹ́ rẹ̀. Irun ọ̀hún wọ́ lápá òsì, ìlà rẹ̀ kò dọ́gba, inú Ìbídùnní sì dùn débi pé ó jó ijó ọpẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ lọ́jọ́ náà. Ó ní ẹni tó sá kúrò níbi tó dára, ẹ wo ohun tó lọ gbà. Lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, irun yẹn kò wọ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Lọ́sẹ̀ méjì sí i, ó gún. Ẹnì kan wà níbì kan tó ń fi orí Fọláwùmí kọ́ṣẹ́, iṣẹ́ náà sì ń wọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ìbídùnní lẹ́ran láyà dáadáa, ó tún lẹ́ran níbòmíràn, inú lọ́hùn-ún ló ti ń rù. Oúnjẹ kò wọlé. Bó bá ń di irun oníbàárà, ọ̀rọ̀ Fọláwùmí ni yóò máa sọ, nítorí ohun tó ń dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Yóò ní obìnrin náà kò mọ oore, yóò ní kò kúkú sí irun gidi lórí rẹ̀, yóò sì fa irun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí olóhun yóò fi ké.

Àṣẹ̀yìnwá àṣẹ̀yìnbọ̀, ó pinnu pé Dùnsìn ni. Ta ni ì bá tún jẹ́? Dùnsìn kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ó ṣe fírídọ̀ọ̀mù, ó sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Ìbídùnní gbé fóònù sókè bí ẹni tó ń ya òdòdó orí pẹpẹ, ó ya ẹ̀yìn orí Fọláwùmí. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó wọ ọkọ̀ ní Ìkòròdú Garage, ó gba Ìtòkín lọ sí Ẹ̀pẹ́, ó ń to èébú sínú bí ẹni tó ń to ẹrù.

"Àǹtí wa! Ẹ káàbọ̀ o! Ṣé kò sí? Ẹ ò pè mí kẹ́ ẹ tó máa bọ̀." Dùnsìn ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Dìde. Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyí, Dùnsìn? Oníbàárà mi lo wá ń jí gbé?"

"Oníbàárà wo, Àǹtí?"

"Ìyá Tìmílẹ́hìn!"

Ẹnu ya Dùnsìn. "Ìyá Tìmí? Kí wọ́n gbéra láti Ìkòròdú, kí wọ́n wá dirun ní Ẹ̀pẹ́? Àǹtí, mo fi Ọlọ́run búra, láti ọjọ́ tí mo ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù, mi ò fojú kàn wọ́n."

Ìbídùnní na fóònù sí i. Dùnsìn fi ìka méjì fẹ àwòrán náà, ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú ọ̀gá rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì.

"Àǹtí, ọlọ́wọ́ òsì ló di irun yìí. Ẹ wo bí àwọn ìlà náà ṣe ń gun ara wọn. Èmi àti ẹ̀yin, láti ọ̀tún la ti ń gbé e. Òsì lẹni yìí ti gbé tiẹ̀."

Ìbídùnní tún un wò. Òótọ́ ni. Inú bí i pé ọmọ tó kọ́ níṣẹ́ ló rí i kó tó rí i.

"Nǹkan míì tún wà níbẹ̀," ni Dùnsìn wí. "Ẹ wo bí ìlà orí yẹn ṣe gún. Kì í ṣe onídìrí ló là á. Onídìrí wo ló nírú àsìkò yìí? Ẹni yìí ò ní oníbàárà míì tó ń dúró dè é."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá Ìbídùnní padà sí Ìkòròdú, ó sì dùn ún ju bó ṣe máa dùn ún ká ní Dùnsìn ni olè lọ. Bí onídìrí bíi tirẹ̀ bá gba oníbàárà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjà nìyẹn, lọ́la òun náà lè gba ti onítọ̀hún. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní orí mìíràn tó ń tọ́jú lágbàáyé, tó ń là á bí ẹni tó ń fi rúlà fàlà, kí ni wọ́n ń bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ du?

Ó bẹ̀rẹ̀ sí wá ọlọ́wọ́ òsì. Lọ́jọ́ ìsinmi, ó ra páálí bisikíìtì kan, ó ní òun ń dúpẹ́ ọdún ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń pín in fún gbogbo obìnrin ìjọ lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè rí ọwọ́ tí wọn yóò fi gbà á. Ẹ kò ríyẹn rí! Owú ti mú un gbàgbé ohun tí ọmọ ọdún mẹ́ta nílẹ̀ Yorùbá mọ̀. Gbogbo wọn pátá ló fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á. Ẹni tó gbé báàgì lọ́wọ́ ọ̀tún gbé e bọ́ sí òsì kó tó gbà á. Ìyá àgbà kan kúnlẹ̀ gbà á, ó ní Ọlọ́run yóò ṣe èyí tó ju báyìí lọ. Páálí tán, Ìbídùnní kò rí ọlọ́wọ́ òsì kankan, àfi Àyàntúndé, ọkọ Fọláwùmí, akọ̀wé ìjọ, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń fi òsì kọ orúkọ àwọn àlejò. Ọmọ Òṣogbo ni, jẹ́jẹ́ rẹ̀ ló ń lọ, ilé iṣẹ́ kan ní Industrial Estate ló ti ń yẹ ọjà wò kí wọ́n tó kó o jáde. Ìbídùnní kí i, ó fún un ní bisikíìtì tó kù, ó sì kọjá. Ọkùnrin ni, kí ló kàn án?

Nígbà tó di Sátidé, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Oníbàárà kún ṣọ́ọ̀bù, síbẹ̀ ó fi orí tó dì dé ààbọ̀ lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé Fọláwùmí. Ó ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu: "Ìyá Tìmí, kí ni mo fi ṣe ẹ́? Ta lo gbé orí ẹ fún?" Orí yẹn ló fẹ́ gbà padà. Bí obìnrin náà bá lè sọ pé òun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, gbogbo rẹ̀ ti parí, òun á dárí jì í, òun ò tiẹ̀ ní béèrè ẹni náà mọ́. Ó kan ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dáhùn nítorí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tó ń pariwo. Ó yà gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọ ẹ̀yìnkùlé.

Àyàntúndé ló jókòó sórí àpótí, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì. Fọláwùmí jókòó sórí ẹní láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé itan rẹ̀. Ìdajì orí ti di dídì, ìdajì kù. Omi wà nínú abọ́, òrí wà nínú àwo. Ọkùnrin náà mú irun díẹ̀, ó wọ́n omi sí i, ó fi ìka di ìdí rẹ̀ mú kó má baà fa awọ orí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí ya á láti ṣóńṣó, ó ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìbídùnní kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Láti ìdí ni òun ti máa ń ki òòyà bọ̀ ọ́, tí irun á máa dún pàràpàrà, nítorí èrò ń dúró.

Ó yanu láti pariwo. Ìgbà náà ló rí i pé Fọláwùmí ń sùn.

Ó ń sùn fọnfọn, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Láti ọdún tí Ìbídùnní ti ń dirun, wọ́n ti sunkún lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ti pè é ní ìkà, wọ́n ti pe Jésù. Kò sẹ́ni tó sùn rí.

"Ẹ káàsán, mà," ni Àyàntúndé sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jí i. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀."

"Bọ̀dá Àyàn, ẹ̀yin lẹ ń dì í?"

"Èmi ni, mà. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní kí n bá òun ra kílípà, òun fẹ́ gé e kanlẹ̀. Ó ní ẹ sọ lójú gbogbo ṣọ́ọ̀bù pé irun òun ti kọjá òòyà, àfi kẹ́ ẹ bẹ katakata wá. Mo ní kó má gé e, kó jẹ́ kí n gbìyànjú ná."

Ìbídùnní rántí. Gbogbo èèyàn ló rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. "Àwàdà ni mo ṣe. Òun náà rẹ́rìn-ín!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi délé." Ọkùnrin náà wo orí tó wà lórí itan rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn etí yìí ló ń dà mí láàmú. Báwo lẹ ṣe ń parí ẹ̀?"

Ìbídùnní sún mọ́ wọn. Orí rèé, wọ́n tún ń bẹ̀ ẹ́ kó wá fọwọ́ kàn án. Ó kúnlẹ̀ sórí ẹní, ó gba òòyà, ó mú irun ẹ̀yìn etí náà pẹ̀lú ìka méjì, ó rọra mú un bí kò ṣe mú irun ẹnikẹ́ni rí. Kò tíì fà á. Kò tíì ṣe ohunkóhun. Èjìká Fọláwùmí sún sókè, ọrùn rẹ̀ le, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí ẹní mú. Ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì.

"Àǹtí Ìbídùn," ó ní láti ojú oorun, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra."

Lẹ́yìn náà ló jí. Ojú tì í, ojú ti àwọn méjèèjì, wọ́n kí ara wọn bí ẹni tó pàdé ní ilé òkú. Fọláwùmí ní òun á yà kí wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun á yà kí wọn, kò ní òun á wá dirun. Ìbídùnní dá òòyà padà fún ọkùnrin náà. Ó fi ìka júwe fún un bí wọ́n ṣe ń yí i wọlé lẹ́yìn etí, lókè lókè, kò jẹ́ kí ìka náà kan orí.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé e lọ sílé, owú náà kò lọ, ó kàn yí padà ni. Kò jowú ẹni tó di irun mọ́. Fọláwùmí fúnra rẹ̀ ló ń jowú, ó jowú oorun yẹn, ó jowú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wà lórí itan. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Oṣù kẹrin rèé tí ẹnikẹ́ni kò ti fọwọ́ kan irun tirẹ̀. Wíìgì ló ń dé lé e.

Festus, ọkọ rẹ̀, wà ní pálọ̀. Ọjọ́ márùn-ún ló fi ń jí lọ sí ibi iṣẹ́ ní Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, Sátidé ni ọjọ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ìbídùnní kò bá a sọ nǹkan kan. Ó bọ́ wíìgì, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i, ó dúró.

Festus wo ilẹ̀, ó tún wo tẹlifíṣọ̀n. Ó rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó yí wọ abẹ́ àga. Ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè fún un.

"Tètè wá a," ó ní, "wọ́n fẹ́ gbá pẹnárítì."